Aṣọ Aró Tí A Fi Bẹ̀bẹ̀ fún Igbó Olómi

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kí mi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìfọ̀nyìn, mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìfọ̀nyìn yìí náà ni àwọn akọ̀wé ń kọ ní Ifangni. Èmi àti ọkọ mi, Jùlíẹ́nì, lọ forúkọ mi sílẹ̀ pé ìyàwó tuntun ti Nàìjíríà dé. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé dìde lẹ́yìn tábìlì, ó di ìkúùkù, ó nà án sókè, ó fi èdè Faransé ké pé, "Prêt pour la révolution!" Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá dáhùn pa pọ̀ pé, "La lutte continue!" Èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ gbì, tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà."

Ẹ̀rín bú. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, àmọ́ ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ ìka sórí ìwé tí wọ́n gbé síwájú mi. Nígbà tí a jáde, Jùlíẹ́nì ṣàlàyé pé ọkùnrin náà ń béèrè bóyá a ti múra sílẹ̀ fún ìyípadà tí ìjọba ń ṣe ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé ìjà ń lọ lọ́wọ́. Délégé ni wọ́n ń pè é, òun ni aṣojú ìjọba ládùúgbò wa.

"Kámáráàdì ni kí o máa pè é," ni ọkọ mi wí. "Kò fẹ́ sà."

Mo ní ìyá mi kò kọ́ mi láti pe ẹni tó jù mí lọ ní kámáráàdì.

Ará Abẹ́òkúta ni mí. Ìdí ìkòkò aró, ní Ìtòkú, ni mo dàgbà sí. Ìyá mi a máa rẹ aṣọ, èmi a sì máa ya àwòrán sí i kó tó rẹ ẹ́. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń ya á, ẹ̀kọ láfún ni tàdáwà mi. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti gbẹ mọ́ aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀; tí a bá ha á kúrò lẹ́yìn tí aṣọ ti mu aró tán, àwòrán á yọ ní funfun. Jùlíẹ́nì wá ra aṣọ lọ́dọ̀ wa nígbà kan. Ó tún wá, ó tún wá, títí ìyá mi fi bi í bóyá aṣọ ló ń rà tàbí ọmọ. Bí mo ṣe di ará òkè òkun nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé kò sí òkun kankan láàárín Abẹ́òkúta àti Ìfọ̀nyìn, ibodè Ìgolo lásán ni. Àmọ́ ẹni tó bá kọjá ibodè ti kọjá. Àsíá yàtọ̀, owó yàtọ̀, ìwé tí ọmọ ilé ìwé ń kà yàtọ̀, òfin tó sì ń fa irun lórí ẹni yàtọ̀.

Èdè ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, nítorí mo ti rò pé òun ni yóò gbà mí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń pè é ní Nàgó. Ìyá ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, n ó máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí ìyá tèmi ń sọ̀rọ̀, àfi lójijì tó bá ju "donc" sí àárín, tàbí tó ní "vraiment", n ó wá dúró bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ já. Àwọn náà kò gbọ́ mi tán. Bí mo bá la ẹnu lọ́jà, obìnrin kan á pe èkejì pé, "Ẹ wá gbọ́ Ẹ̀gbá!" Wọn ò bú mi o. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, bó pẹ́ bó yá, á dákẹ́. Mo dákẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo nígbà náà, Àńyẹ̀sì, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn ìlú. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi tẹlifóònù pe Abẹ́òkúta láti pósítì. Èèyàn á kọ lẹ́tà ṣáájú pé ọjọ́ báyìí, wákàtí báyìí. Ìyá mi á lọ dúró nílé oníṣòwò kan tó ní tẹlifóònù lẹ́bàá ilé wa. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, bí ẹni pé inú kànga ló ti ń sọ ọ́.

"Ṣé o ń jẹun?" ni ohun àkọ́kọ́ tó bi mí.

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Ṣé o ń rẹ aṣọ?"

Aṣọ tí mo kọ́kọ́ rẹ ní Ìfọ̀nyìn ṣá, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Mo ní omi kànga ibẹ̀ ń bá aró jà.

"Wá omi mìíràn," ni ìyá mi wí. "Aró kì í bá gbogbo omi rẹ́. Wá omi tó jáde lábẹ́ igi." Ẹ̀rọ náà dún fírífírí, ó kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé Igbó Olómi.

Àńyẹ̀sì ló mú mi débẹ̀. Láàárín àwọn oko ọ̀pẹ àti oko àgbàdo tó lọ sí ọ̀nà Banigbé, ilẹ̀ kàn rọra wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, igbó dúdú kan sì dúró níbẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ìyá arúgbó tó jókòó sí àárín agbo ọmọ. Bí a ṣe wọ inú rẹ̀, ooru já. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, àfàrà wà níbẹ̀, èlú, tí a ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró, sì gùn wọ́n láti ìdí dé ọ̀run. Èlú tútù, ẹ̀yin èèyàn! Nílé, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa ní gbígbẹ. Lábẹ́ gbòǹgbò àràbà kan ni omi ti ń sun jáde, ó mọ́ gaara, ó ń ṣàn lọ. Odò tí ìlú Banigbé ń mu nìyẹn, òun náà ló kọjá lẹ́yìn oko àwọn ará ìlú Lagbé. Mo bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo tọ́ ọ wò, mo sì bú sẹ́kún. Àńyẹ̀sì rò pé nǹkan ta mí.

Aṣọ tí mo fi omi yẹn rẹ, ó dúdú tó fi ń pọ́n. Mo sá á sójú okùn, àwọn obìnrin tó ń kọjá dúró. Ẹni tó máa ń pe èkejì pé kó wá gbọ́ Ẹ̀gbá, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. "Ìyàwó," ó ní, "kọ́ mi." Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ọdún kejì ni mo ṣàkíyèsí pé ojú omi ń kéré. Níbi tí ìkòkò ti ń kún kí èèyàn tó dá orin kan parí, ó wá di kí a máa fi igbá kékeré bù ú. Mo gun òkè igbó lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gé igi etí igbó lápá Lagbé, wọ́n ti dáná sun ilẹ̀, àgbàdo ti wà níbẹ̀. Bàbá Rájí ló dá oko náà, àgbẹ̀ pàtàkì kan ní Lagbé, olùkírun, tí kì í ṣọ̀lẹ. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí yẹ̀pẹ̀ pupa tí òjò ti wọ́ láti oko rẹ̀ dé ojú omi.

Kò tíì tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Délégé pe ìpàdé. Ó ní ìlú yóò ní oko àjùmọ̀ṣe, gbogbo wa ni yóò ro ó, gbogbo wa ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní ibi tí wọ́n yàn ni Igbó Olómi, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ sanra, igbó náà sì jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn àtijọ́ ti ń bọ òrìṣà, kò wúlò fún ìyípadà. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi kò gbéra. Jùlíẹ́nì wò mí, ó mọ ohun tí mo ń rò. "Tíṣà ìjọba ni mí," ó sọ lábẹ́ ohùn. "Má jẹ́ kí a ṣe é bí ẹni tó ń bá wọn jà."

Mo ní mi ò ní jà. Mo fẹ́ ya àwòrán ni.

Inú ilé ìwòsàn, lọ́dọ̀ Àńyẹ̀sì, ni a ti gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti rí i pé nígbàkúgbà tí odò bá gbẹ, inú àbàtà ni àwọn ará oko ń lọ pọn omi mu, sòbìà á sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ti sọ ọ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi há. "Wọ́n gbọ́ mi," ó ní, "àmọ́ wọn ò rí i." Èmi ní rírí ni iṣẹ́ mi.

Aṣọ mẹ́ta ni a pinnu láti ṣe, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí ògiri. Nínú àkọ́kọ́, mo ya igbó náà bó ṣe wà, mo sì ya abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú, gbòǹgbò tó hun ara wọn bí apẹ̀rẹ̀, omi tó kún inú apẹ̀rẹ̀ náà. Nínú èkejì, igi ti lọ tán, ilẹ̀ ti la, àwọn obìnrin ń ru ìkòkò òfìfo. Ẹ̀kẹta, funfun báláú, a ò ya nǹkan kan sí i. Jùlíẹ́nì ló dá ìyẹn lábàá. Ó ní kí a fi sílẹ̀ kí ìlú sọ ohun tí yóò wà níbẹ̀.

A gbé aṣọ méjì àkọ́kọ́ káàkiri. Ọjọ́ ọjà ni a ń lọ, ní ìyálẹ̀ta, nígbà tí èèyàn pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á di aṣọ mú, Àńyẹ̀sì á gbé abọ́ fífẹ̀ méjì sílẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ wà nínú méjèèjì, ó gbé wọn dagẹ̀rẹ̀. Ó fi ewé jíjẹrà àti koríko bo ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ níhòòhò. Á wá da omi sí méjèèjì. Èyí tó wà níhòòhò á da omi pupa jáde wàrà, á sì gbẹ. Èyí tí a fi ewé bò á dákẹ́ ná. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín pé kò ṣiṣẹ́. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí kán, tó, tó, tó, omi mímọ́, yóò sì máa kán títí a ó fi palẹ̀ mọ́. Kò sí ìgbà tí kì í ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Èmi gan-an, tí mo ń rí i ní gbogbo ọjọ́ ọjà, inú mi á máa dùn bí ìgbà àkọ́kọ́.

Ní Banigbé, àwọn obìnrin yọ mí lẹ́nu. Wọ́n wo aṣọ àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀, ọ̀kan wá fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Àwa dà?"

"Ẹ̀yin bíi ti báwo, Màmá?"

"O ya igi, o ya omi. Àwa tí à ń pọn ọ́n dà? Ṣé odò ń gbé ara rẹ̀ wálé ni?"

Mo tọrọ gáfárà. Mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ kan wá bá mi ní Ìfọ̀nyìn. Mo rò pé méjì tàbí mẹ́ta ni yóò wá. Àwọn mọ́kànlá ló wá, tàwọn tọmọ ẹ̀yìn wọn, a sì lo gbogbo ọ̀sán nídìí aṣọ kan tí a fi mọ́ ti àkọ́kọ́. Olúkúlùkù ya ìkòkò tirẹ̀. Kò sí èyí tó jọ èkejì, òmíràn tẹ̀ bí àmù tó ti jábọ́ rí, síbẹ̀ ẹni tó yà á dá a mọ̀.

Lagbé ni kò dùn. Bàbá Rájí dúró títí Àńyẹ̀sì fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wò mí.

"Ìwọ," ó ní, "níbo ni wọ́n bí ọ sí?"

"Abẹ́òkúta, Bàbá."

"Nígbà tí bàbá mi ń ro ilẹ̀ yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Àná lo dé. Má kọ́ mi ní ilẹ̀ mi."

Ó yí padà, ó lọ. Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn.

Ọ̀nà Ìfọ̀nyìn gùn lọ́jọ́ náà. Mo ń bi ara mi pé kí ló kàn mí. Nígbà tí odò bá gbẹ, mo lè ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ibodè wà níbẹ̀. Bóyá ohun tí Bàbá Rájí rí lójú mi nìyẹn, pé mo ní ibòmíràn. Ẹni tó ní ibòmíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wúwo. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn ni mo ń rò ó pé oṣù mélòó ni mo ti lò láìlálàá Ìtòkú. Ojú omi yẹn ni mò ń lálàá rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó forúkọ ìyẹn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ tí a kó gbogbo aṣọ jáde, gbàgede ilé ìwé ni, níwájú Délégé àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. Jùlíẹ́nì ti gba àṣẹ, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà kọ́ ìlú nípa omi. Banigbé wá, Lagbé wá, àwọn oníṣòwò láti Ìgolo pàápàá yà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, aṣọ ń wú bí ìgbòkun. Àwọn ọmọ kọrin tí wọ́n fúnra wọn dá, pé bí a bá bẹ́ igi lórí, odò á kú lẹ́sẹ̀. Mo ń bá wọn gbè é.

Délégé dìde. Ó rìn kọjá níwájú aṣọ àkọ́kọ́, ó fi ìka tọ́ka sí ìrókò tí mo yà.

"Igi òrìṣà nìyí," ó ní. "A ti fòpin sí èyí. Ta ló rán obìnrin yìí láti Nàìjíríà wá kó wa padà sẹ́yìn?"

Mo rí Jùlíẹ́nì tó dìde, mo mọ̀ pé tó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lè bá a lọ. Mo ṣáájú rẹ̀.

"Kámáráàdì," ni mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu mi, àwọn kan rẹ́rìn-ín, èyí sì fún mi lókun. "Kò sẹ́ni tó rán mi. Mi ò bọ igi rí. Aláró ni mí, omi ni mo mọ̀. Ẹ fẹ́ kí oko àjùmọ̀ṣe so. Èmi náà fẹ́ kó so. Omi wo ni a ó mu níbi tí a ti ń ro ó?"

Àńyẹ̀sì ti fẹ́ gbẹ́nu lé e, àmọ́ ohùn mìíràn ti ẹ̀yìn wá. Bàbá Rájí ni. Wọ́n là fún un, ó bọ́ sí àárín.

"Obìnrin yìí," ó ní, "mo ti bú u. Mo sọ fún un pé àná ló dé. Nígbà tí mo délé, mo gbé abọ́ méjì, mo ṣe ohun tí wọ́n ṣe, nítorí mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń tan wá. Mi ò rí i. Mo wá lọ síbi tí mo gé. Òjò ti fọ oko mi lọ, òkúta ló kù. Ilẹ̀ bàbá mi ti bá odò lọ, Délégé. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi tì í." Ó mí kanlẹ̀. "Musulumi ni mí, kò sí òrìṣà tí mò ń bọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mò ń ṣe àlùwàlá. Tí odò bá gbẹ, kí ni kí n fi ṣe é? Yẹ̀pẹ̀?"

Àwọn obìnrin Banigbé hó yèè. Délégé gbé ọwọ́ sókè kí ariwo rọlẹ̀. Ó wá bi mí kí ni aṣọ funfun tó wà ní ìkangun yẹn ń ṣe.

Mo ní ti ìlú ni, ìlú ni yóò sọ ohun tí a ó yà sí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ké lọ́tùn-ún lósì. Ya igbó wa! Ya ẹja! Ya afárá! Ya ilé ìwòsàn! Mo ń ya, ọwọ́ mi kò tó o, mo bẹ̀rẹ̀ sí pín ìyẹ́ adìẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, Délégé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra ní, "Àgbàdo ìyípadà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Mo na ìyẹ́ sí i. "Ẹ yà á, kámáráàdì. Àmọ́ níbi tí igbó pin sí."

Ó wò mí pẹ́. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya àgbàdo wíwọ́ méje sí etí aṣọ, kò sì wọ inú igbó ní ìka kan. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa kàn ń wò ó, à ń bẹ̀rù kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé ilẹ̀ ìjù kan lápá òkè ni oko àjùmọ̀ṣe yóò wà, àti pé olúkúlùkù ilé yóò gbin igi kan sí ààlà Igbó Olómi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò mọ ibi tó pin sí. Ibi tí Bàbá Rájí ti gé ni a ti bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti gbẹ́ ihò sílẹ̀.

Délégé jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé gbọọrọ lórí itan rẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹni tó gbin igi àti ìlú rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo rò pé yóò kọ "ìyàwó tíṣà", bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó bi mí ní orúkọ tí wọ́n sọ mí. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́.

"Ará ibo?"

Mo wo igi ìrókò kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, yẹ̀pẹ̀ pupa ti bò mí dé ìgúnpá.

"Ẹ kọ ọ́ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi," ni mo wí, "àmọ́ ibí ni mo gbin igi sí."

Délégé wo ojú ìwé náà. Ó ní ààyè kò tó.

Bàbá Rájí na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ wínníwínní, kámáráàdì," ó ní. "Yóò gbà á."